Òru Tí Mo Yàn Fún Wíwo Ìràwọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi tí ìyálé bí, ni ó ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ tí ó ṣẹ̀ mí ni ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1988, nígbà tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá díẹ̀, ní pálọ̀ ilé ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Níwájú gbogbo ẹbí ni ó ti gbé ikú olórí ẹbí wa lé mi lórí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì mọ bí a ṣe ń kọ ìwé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ ni n ó sọ ọ́.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Ní ọdún náà, mò ń tún òrùlé ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìjagun. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan níbẹ̀ sọ fún mi pé bí oṣù kẹjọ bá ti fẹ́ dá sí méjì lọ́dọọdún, ìràwọ̀ a máa já lọ́pọ̀lọpọ̀ lóru. Ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun rí i, ṣùgbọ́n iná pọ̀ jù ní ìgboro. Mo ní a ní abà kan lọ́nà Ìmùṣin, níbi tí ilẹ̀ tẹ́jú tí kò sí iná. Ó bi mí ní àkókò tí ojú ọ̀run máa ń mọ́ níbẹ̀. Ìbéèrè náà wú mi lórí, nítorí pé kò sí ọ̀mọ̀wé tí ó bi mí ní ohun kan rí ju ìgbà tí iṣẹ́ máa parí lọ.

Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi ṣọ́ ojú ọ̀run ní abà náà. Àwọsánmà a bò ó láti ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àkùkọ bá kọ lẹ́ẹ̀kíní, ojú ọ̀run a là, títí ìkùukùu òwúrọ̀ yóò fi dé. Òṣùpá kò sì sí rárá ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo wá yan òru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta, láti àkùkọ àkọ́kọ́. Olùkọ́ wo ìwé rẹ̀, ó ní òru náà gan-an ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, olórí ẹbí tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ni ó ń gbé abà náà, ara wọn kò sì yá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ dọ̀bálẹ̀ láti gba àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì wọ́n, ó ń bó ọsàn fún wọn. Mo dárúkọ òru náà àti àkókò rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ìràwọ̀ kan bá já, àwọn àgbà a ní ẹni ńlá kan ti lọ. Èmi sì dúró níwájú aláìsàn, mò ń ṣèlérí ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe, n kò sì mọ̀.

Bàbá ní, “Ta ni wọ́n ń wá tó bẹ́ẹ̀, tí ẹyọ kan kò fi tó?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀bẹ ti dúró lára ọsàn. Bàbá gbà, wọ́n sì ní kí n wá jí wọn bí àkókò bá tó, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Ní òru náà, èmi àti olùkọ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ́ ẹní síbi tí a ń sá kòkó. Ajá abà kò gbó, kò sì wá sọ́dọ̀ wa. Ẹnu ọ̀nà Bàbá ni ó dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tí àkùkọ kọ, mo kan fèrèsé wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọn kò dáhùn. Mo rò pé oorun aláìsàn ni, mo padà. Ẹ̀bi tí mo gbà nìyẹn: n kò kàn án jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìràwọ̀ ti ń já lẹ́yìn mi, n kò sì fẹ́ kí ó kọjá mi. Wọ́n ń já láìpariwo, bí ẹni ń ṣáná sí òkùnkùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin tí ó ń tọ́jú Bàbá wọlé, ó rí i pé ara wọn ti tutù.

Ní pálọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n mi kò gbé ohùn sókè. Ó ròyìn bí mo ṣe dárúkọ òru náà, ó ròyìn bí mo ṣe lọ sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí mi.

“Àbúrò, ẹni tí ikú bá sọ àkókò fún kì í ṣe àjèjì sí ikú. Ta ni ó sọ àkókò fún ọ?”

Mo ní olùkọ́ ni. Wọ́n ránṣẹ́ sí i, ó wá lọ́jọ́ kejì, ó sì ṣàlàyé pé ọdọọdún ni wọ́n ń já ní àkókò náà, wọn kì í pa ẹnikẹ́ni. Mo rò pé mo ti bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá yíjú sí mi.

“Bí ó bá jẹ́ ọdọọdún, èé ṣe tí o fi dúró di ọdún tí Bàbá ń ṣàìsàn?”

N kò tíì gbọ́ ọ rí kí n tó dé Ìjagun. Ìdáhùn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ojú gbogbo wọn ti kúrò lára mi.

Láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, èmi ni mò ń kan pósí gbogbo òkú ilé wa. Mo ti rẹ́ pákó ti Bàbá. Wọ́n lọ ra pósí ní Òdogbolú. Bí káfíńtà ilé bá wà láàyè tí a ra pósí níta, ará àdúgbò kò nílò àlàyé mọ́. Wọn kò pè mí sí ìpàdé ẹbí láti ìgbà náà. Nígbà tí òru náà tún pé lọ́dún kejì, gbogbo ilé ti fèrèsé kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí ara wọn kò yá ni a sì ti kó lọ sílé àna wọn.

N kò béèrè ju pé kí ẹ̀gbọ́n mi dìde ní pálọ̀ kan náà, kí ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lára mi, nígbà tí díẹ̀ nínú àwọn tí ó gbọ́ ọ ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ kà á, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí: ṣé ẹni tí ó mọ ìgbà tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ náà ni ó ṣe é?