Èékánná Tí Ìyá Mi Fẹ́ Gbà Sílẹ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí ilẹ̀ òní mọ́ bá mi, tó sì fún mi ní agbára láti sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń sáré láràárọ̀ lójú títì Ẹdẹ, èmi nọ́ọ̀sì tó ti bímọ mẹ́ta, tí ọjọ́ orí tí àwọn ológun ń gbà ti fẹ́ kọjá lórí mi. Àwọn ọlọ́kadà á máa pariwo pé, "Ìyá sójà, ẹ rọra o! Ogun ò tíì dé Ẹdẹ!" Èmi á rò pé akọni ni mí, bẹ́ẹ̀ mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ewúrẹ́ tí òjò lé.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fà á. Sójà ni. Ogun gbé e lọ sí òkè Ọya, kò sì padà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tó wá túfọ̀ fún wa sọ pé ẹsẹ̀ ló ti gbọgbẹ́, wọ́n ní ọgbẹ́ náà kì í ṣe èyí tó yẹ kó pa á, àìsí nọ́ọ̀sì nítòsí ni. Nígbà tí ogun le, wọ́n sá fi òkú rẹ̀ sílẹ̀. Àpótí aṣọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé wá. Baálé wa bi wọ́n pé, "Irun rẹ̀ ńkọ́? Èékánná rẹ̀ ńkọ́?" nítorí pé bí ẹnìkan bá kú sí ìdálẹ̀ tí a ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, ìyẹn ni wọ́n máa ń sin ní agbo ilé wa. Ìyá mi, àgbà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ, fi ìbínú dá baálé lóhùn pé onígbàgbọ́ ni àwọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní àwọn ò ráyè gé e. A ò rí nǹkan kan sin. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tiwa kú, ó tún nù. Láti ìgbà náà, bí aláìsàn bá kérora ní wọ́ọ̀dù, ohùn àbúrò mi ni mo máa ń gbọ́: "Àǹtí mi, ẹ wá bá mi di ẹsẹ̀ mi."

Mo pinnu pé màá wọ iṣẹ́ ológun, kí n máa ṣe nọ́ọ̀sì fún wọn lójú ogun; mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà lórí rẹ̀. Ọkọ mi ní òun á dúró ti àwọn ọmọ. Ó wá ku ìyá mi. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, mo kúnlẹ̀, mo sọ fún wọn. Wọn ò sunkún, wọn ò bínú. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú abẹ jáde pẹ̀lú aṣọ funfun pélébé kan.

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màámi?"

"Èékánná rẹ ni. Màá tún gé díẹ̀ nínú irun rẹ. Jẹ́ kí n ti gba tèmi sílẹ̀ kí o tó lọ. Wọn ò tún ní gbé àpótí aṣọ wá bá mi."

"Màámi, ìgbàgbọ́ yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ọlọ́run tí mo gbà gbọ́ mọ̀ pé abiyamọ ni mí."

Mo nawọ́. Bí abẹ ṣe kan èékánná àtàǹpàkò mi, ó dà bíi pé mo dúró létí sàréè ara mi. Mo fa ọwọ́ padà.

"Mi ò lọ mọ́, Màámi."

Wọ́n ń ṣẹ́ aṣọ funfun náà po lórí itan wọn.

Ìyá mi ti sùn nínú Olúwa báyìí, èmi ni mo pa ojú wọn dé. Mo ń dúpẹ́ fún ìyẹn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń sọ lórí rédíò pé àwọn ológun ṣubú lójú ogun, mo máa ń sáré pa á, kí n má baà bi ara mi pé èwo nínú wọn ni ọgbẹ́ ẹsẹ̀ lásán pa. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló dá mi dúró, tàbí ẹ̀rù.

Ìwọ tí o ka èyí, ọmọ rẹ ò ní nù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá jáde nílé rẹ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn wọlé. Àmín.