Ìkíni Tó Ń Jẹ Dátà

Adití ni bàbá kan tó ń rán bàtà. Ọwọ́ ni òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti kékeré ọmọ náà. Ìka méjì tí a tẹ̀ bí orúnkún sórí àtẹ́lẹwọ́ ni ìkíni ọmọ náà: mo kúnlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́.

Ọmọ wá lọ ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà. Nígbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́, àwòrán rẹ̀ a máa dì bí ọ̀rá lójú fóònù. Ọwọ́ á gbéra, kò ní balẹ̀. Bàbá á gbé ìdajì ọ̀rọ̀ sùn. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun dé, ó ń rí èékánná ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n dátà tó ń tó wọn lò lóṣù kan kò lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́.

"Olè ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín yìí," ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún atúnfóònùṣe tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

"Màmá, ohun tó dùn kì í pẹ́ tán. Àwòrán tó mọ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ di bàìbàì, á pẹ́."

"Bàìbàì? Àwòrán yẹn ni etí ọkọ mi. Ṣé o fẹ́ dí i ni?"

Atúnfóònùṣe rẹ́rìn-ín. "Ẹ dín ìkíni kù nígbà náà. Ẹ kí ará ilé, ẹ kí ará oko. Kí ẹ tó dé orí ọ̀rọ̀, dátà ti relé."

Ìyàwó fi ọwọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún ọkọ. Bàbá mirí. Ọwọ́ rẹ̀ fèsì pé ọmọ tí kò bá kí òun, àlejò ni.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ gé ọmọ náà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn dókítà so iṣan rẹ̀ pọ̀. Wọn ò mọ̀ bóyá ìka yóò tún tẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa tú báńdéèjì, dátà ilé kù ṣínún, kò sì sí owó láti ra òmíràn kí oṣù tuntun tó wọlé.

"Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta," ni atúnfóònùṣe wí. Kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ: *Má kí wa o. Ọwọ́ nìkan ni kí o fi hàn.*

Ọmọ yọ lójú fóònù. Bàbá gbé ọwọ́ sókè: má kí mi. Ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Àpá gùn láti ọrùn ọwọ́ wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Ìka kò mì.

Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó gbé ìka ọ̀tún méjì lé e, wọ́n gan bí igi. Ó di ẹnu pọ̀.

"Kí ló ń ṣe?" Ìyá pariwo. "Ṣebí mo ní kó má kí wa!"

Ìka kan tẹ̀. Ó pẹ́. Èkejì gbọ̀n, òun náà tẹ̀ díẹ̀.

Àwòrán kú.

Bàbá kò bojú kúrò lára fóònù tó ṣókùnkùn. Ó rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.