Ẹyin Ogún Ọjọ́ àti Ààrá

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá ẹ̀rọ Alàájì ní Ayétòrò, mo rò pé ìgbálẹ̀ ni wọ́n máa gbé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n pa iná. Wọ́n mú ẹyin kan tó ti lo ọjọ́ méje nínú ẹ̀rọ, wọ́n gbé e sórí páálí tí wọ́n dá ihò sí, gílóòbù kan ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹyin náà pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín ju òwú lọ, ó tàn káàkiri bí gbòǹgbò, ohun kékeré kan sì ń mì láàárín rẹ̀, kò sinmi.

Alàájì ní, “Ọkàn rẹ̀ nìyẹn.”

Mo ti bí ọmọbìnrin kan, Rọ́fíà, ṣùgbọ́n n kò tíì fojú rí bí ọkàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rí.

Iṣẹ́ adìẹ tó sàba ni ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ó ń mú ẹyin gbóná, ó ń yí i, ó sì ń pa ọ̀rinrin mọ́ nínú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin adìẹ ń lò níbẹ̀. Bí a bá yẹ ẹyin wò níwájú iná, tí a rí i pé kò lọ́mọ nínú, òbu nìyẹn, a ó yọ ọ́. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, a kì í yí ẹyin mọ́.

Gbogbo ẹni tó ti sin adìẹ rí lágbègbè wa ló mọ̀ pé ààrá ń ba ẹyin jẹ́. Ìyá mi máa ń fi ìṣó àti èédú sábẹ́ adìẹ tó bá sàba nígbà òjò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Alàájì kọ́ mi: bí ojú ọ̀run bá ti ń kùn, kí n ṣí ẹ̀rọ, kí n to ìṣó mẹ́rin sáàárín ẹyin, bí òjò bá dá, kí n tún ṣí i, kí n kó wọn jáde. Ẹ̀rù tètè máa ń bà mí, nítorí náà mo sọ mẹ́rin di ogún. Rọ́fíà rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, “Màámi, ṣé ọmọ adìẹ ló máa jáde níbí ni àbí káfíńtà?”

Lọ́dún tó kọjá, ẹyin ìgbà méjì bàjẹ́ léra wọn. Ọmọ adìẹ ti pé, ìyẹ́ ti hù lára wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti dá èèpo lu, wọ́n sì kú síbẹ̀. Alàájì sọ fún mi pé bí ẹ̀kẹta bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn máa ti yàrá náà pa, kí n wá iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ mi.

Olùkọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà yunifásítì tó wà nílùú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló ni ẹyin ẹ̀kẹta, wọ́n gbé e wá kí a bá wọn fi sínú ẹ̀rọ. Mo kìlọ̀ fún wọn pé àsìkò ààrá la wà. Wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn bi mí pé, “Ṣé ẹ rí i ni, àbí wọ́n sọ fún yín?”

Inú bí mi díẹ̀. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ tí èèyàn bá fipá gbà lọ́wọ́ ẹni máa ń padà wá, kí n lọ jókòó ti tèmi ní èmi nìkan. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣètò rẹ̀: ọjọ́ kan pàtó, aago kan pàtó, ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo ní ìjókòó kan. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n bi ara mi pé ta ló sọ fún mi, kí ni mo fi ojú ara mi rí, báwo ni mo ṣe lè dán an wò.

Mo mú ọ̀sán Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àìlà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi fóònù sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo kọ ọ́ pé: “Ààrá ń pa ọmọ inú ẹyin.” Ta ló sọ fún mi? Ìyá mi, Alàájì, gbogbo ayé. Kí ni mo rí? Mo ṣí ìwé ẹ̀rọ, nítorí mo máa ń kọ ohun gbogbo síbẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀. Nígbà méjèèjì tí ẹyin bàjẹ́, ààrá sán ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà ṣáájú ìyẹn tí ààrá sán ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Ibà ń ṣe Rọ́fíà, ọsibítù ni mo wà, ẹnikẹ́ni kò to ìṣó. Ẹyin ìgbà yẹn ló pa dáadáa jù lọ lọ́dún náà.

Bí kì í bá ṣe ààrá, ta ni? Mo wo ohun tí mo kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago kọ̀ọ̀kan tí mo ṣí ẹ̀rọ: ooru lọ sílẹ̀, ọ̀rinrin lọ sílẹ̀. Mo rántí awọ inú èèpo tó gbẹ mọ́ àwọn ọmọ adìẹ lára, tí wọn kò fi lè jáde. Èmi tí mo ń dáàbò bò wọ́n ni. Mo jókòó síbẹ̀ títí fóònù fi dún.

Ìjókòó kejì, mo kọ bí mo ṣe máa dán an wò: bí ààrá bá sán, n kò ní ṣí ẹ̀rọ. Mo tún kọ ohun tí mo máa fi ọwọ́ mi ṣe: màá jókòó lé e.

Nígbà tí ẹyin Àǹtí pé ogún ọjọ́ nínú ẹ̀rọ, lẹ́yìn àlàásárì, òjò dé. Ààrá kọ́kọ́ sán, páànù mì. Mo jókòó lé ọwọ́ méjèèjì. Alàájì pè mí lórí fóònù láti ìlú Jọ́gà.

“Ìyá Rọ́fíà, ṣé ìṣó ti wọlé?”

“Rárá, sà. N kò ní ṣí i.”

Wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ ohun tí ò ń ṣe.”

Mo dìde, mo fi etí ti ara ẹ̀rọ. Mo gbọ́ wọn. Wọ́n ń ké látinú èèpo, ohùn wọn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ààrá sán, wọ́n dákẹ́. Mo dá èémí dúró. Lẹ́yìn náà ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, òmíràn dá a lóhùn, gbogbo wọn sì tún gbà á bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ kọ ẹ̀yìn sí. Omijé bọ́ lójú mi. Ohun tó ń mi ilé kò dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, àtẹ kún fún ọmọ adìẹ. Alàájì dúró tì wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abọ́ ìṣó, wọ́n ní àgò adìẹ kan ń fẹ́ àtúnṣe.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, mo tún ti ilẹ̀kùn. Rọ́fíà ti rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó, mo sì ti fàáké kọ́rí pé láti ilé ni yóò ti máa lọ, tí yóò sì máa bọ̀. Mo kọ ọ́ pé: “Bí n kò bá rí Rọ́fíà lójoojúmọ́, nǹkan burúkú yóò ṣe é.” Ta ló sọ fún mi? Mo ronú títí, mo kọ orúkọ ara mi. Kí ni mo fi ojú ara mi rí? N kò rí nǹkan kan kọ. Báwo ni mo ṣe lè dán an wò? Kó máa gbé ní Ìlaròó, kí n máa pè é lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́.

Nígbà tí mo kà á fún un, ó wò mí tìfura-tìfura. “Ẹ̀ẹ̀kan péré, Màámi?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Lánàá, òun ló kọ́kọ́ pè.