Ológbò Tíṣà Kọ Abọ́ Iyanrìn Rẹ̀

Ológbò tó wà nílé Olúrẹ̀mí Ọdẹ́tọ́lá ní Ẹgbẹ́dá kì í ṣe tirẹ̀. Báyọ̀dé, ọkọ rẹ̀, ló mú un wálé ní bí ọdún 1987. Tíṣà ni Báyọ̀dé, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìpájà ló ti ń kọ́ kíláàsì kẹfà, àwọn eku sì ti fẹ́ jẹ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ rẹ̀ tán nínú páálí tó kó wọn sí. Ó sọ ológbò náà ní Mọ́nítọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe tíṣà, òun ò tíì rí ẹni tó mọ kíláàsì ṣọ́ tó o.

Kò jẹ́ kó máa jáde, nítorí láyé ìgbà yẹn, ológbò èyíkéyìí tí wọ́n bá rí lórí ògiri nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, àjẹ́ ẹnì kan ni, òkúta ni wọ́n sì fi ń kí i. Abọ́ tánganran kan tó ti ń họ ni tíṣà bu iyanrìn sí, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ó kọ́ Mọ́nítọ̀ pé ibẹ̀ ni kó máa tọ̀ sí. Ẹranko náà mọ ibẹ̀ ju bí ayálégbé mìíràn ṣe mọ ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé lọ. Láràárọ̀ ni tíṣà máa ń da iyanrìn àná nù, á fi omi ṣan abọ́ náà, á sì bu tuntun sí i kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu tíṣà. Ó di ẹni tó ń dùbúlẹ̀ ní yàrá, tí ìtọ̀ ń bọ́ lára rẹ̀ láìmọ̀. Olúrẹ̀mí, tó ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, wá di ẹni tó ń ti ọ́fíìsì bọ́ sídìí ibùsùn. Ísáàlì ló fi ń nu ilẹ̀, oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sí ṣáláńgá, tó máa ń funfun bí omi ògì tó bá ti kan omi. Tó bá ti ń nu ilẹ̀, Báyọ̀dé á yíjú sí ògiri.

"Rẹ̀mí, má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí, Dádì Tòún? Ẹ jẹ́ n fa aṣọ yìí kúrò lábẹ́ yín."

Iṣẹ́ abọ́ ológbò náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Láti orí ibùsùn ni tíṣà ti máa ń rán an létí pé omi lásán ni kó fi ṣan án o, kò sì béèrè ìdí rẹ̀. Obìnrin tó ń fọ ìtọ̀ èèyàn, tó tún ń fọ ti ológbò, kì í ráyè béèrè ìdí nǹkan.

Tíṣà kú ní ọsibítù lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Olúrẹ̀mí kò sunkún nígbà tí wọ́n sọ fún un. Kò sunkún létí sàréè ní Ìjẹ̀bú, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún nígbà tí Tòún, ọmọ wọn kan ṣoṣo, padà sí ilé-ìwé rẹ̀ ní Abẹ́òkúta tó fi òun nìkan sílẹ̀ nínú ilé. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Àwọn mìíràn fi ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ kún un nígbà tí wọ́n dé ìta, nítorí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ẹni tí òkú ò kú nílé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, obìnrin náà kò le. Ńṣe ni inú rẹ̀ kú, bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń dé, ó ń jẹun tó bá rántí.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Olúrẹ̀mí tí kò sunkún rárá rí ohun kan. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ wá pín aṣọ tíṣà, ó kó gbogbo rẹ̀ síta fún wọn, agbádá, ṣòkòtò, títí dórí fìlà. Gbóyèga, àbúrò ọkọ rẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ìyá Tòún, bùbá aláwọ̀ ewé yẹn ńkọ́? Èyí tí bọ̀dá máa ń wọ̀ nílé." Olúrẹ̀mí ní òun ò mọ ibi tó wọlé sí. Obìnrin tó ń kọrin ní kúáyà, irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Inú àpótí onírin abẹ́ ibùsùn ni bùbá náà wà. Òun ló bọ́ ọ lára Báyọ̀dé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ, kò sì fọ̀ ọ́. Òógùn wà lára rẹ̀, ìpara wà lára rẹ̀, òórùn kan sì wà níbẹ̀ tí kì í ṣe òórùn nǹkan kan láyé yìí bí kò ṣe ti ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé e símú, ó sì yára pa á dé. Ó ń ṣọ́ òórùn náà ná, kó má bàa tán. Nínú gbogbo ohun tí tíṣà fi sílẹ̀, ìyẹn nìkan ló ṣì jọ ọ́ lójú.

Ìtọ̀ ti tán nínú ilé, ṣùgbọ́n ọwọ́ Olúrẹ̀mí kò gbọ́ pé iṣẹ́ ti tán. Ó ń da Ísáàlì sí ìdí ògiri, ó ń dà á sí kíṣìnnì, ó ń fi nu àga. Nígbà tí kò rí ibi tó kù mọ́, ó fi fọ abọ́ iyanrìn Mọ́nítọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ológbò ti kọ abọ́. Á dé ìdí rẹ̀, á fi imú kàn án, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á sì yípadà. Ẹ̀yìn rédíò ló kọ́kọ́ tọ̀ sí. Ó tọ̀ sí bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó tọ̀ sórí ẹní. Olúrẹ̀mí kò nà án, kò bú u. Ibi tó bá tọ̀ sí, á fi Ísáàlì fọ ibẹ̀, ológbò á sì wá ibòmíràn lọ́jọ́ kejì. Gbóyèga gbọ́, ó ní òun á wá fi àpò gbé e lọ jù sínú oko ní Ayọ̀bọ̀. Olúrẹ̀mí ń fọ ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àfi ìgbà tó bá ìtọ̀ lábẹ́ ibùsùn, nítòsí àpótí. Àyà rẹ̀ já. Ó pẹ́ tí nǹkan kan ti ṣe àyà náà bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìgò Ísáàlì, kò fi omi là á, ó dà á yí àpótí ká. Ó rẹ àkísà sínú rẹ̀, ó ki wọ́n mọ́ gbogbo etí ọmọrí àpótí náà kí ológbò má bàa gbójú lé e. Ojoojúmọ́ ló ń rẹ àkísà náà ní tuntun. Mọ́nítọ̀ kò débẹ̀ mọ́. Olúrẹ̀mí rò pé òun ti gba nǹkan òun sílẹ̀.

Ìyá Sàkàrìyáù ló ni ilé tí wọ́n ń gbé. Ọmọ onílẹ̀ ni, oko ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò náà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ló dé ẹnu ọ̀nà Olúrẹ̀mí, ó fi ìborùn bo imú.

"Ìyá Tòún, mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìtọ̀ ológbò yẹn ni, mo ti ń fọ̀ ọ́."

"Ta ló ń sọ ti ìtọ̀? Ísáàlì ẹ ni mò ń sọ. Ó ti wọ inú gaàrí mi. Mo jẹ ẹ̀bà lánàá, àfi bíi pé ọsibítù ni mo ti ń jẹun. Ìwọ ò gbọ́ òórùn ẹ̀ ni?"

Olúrẹ̀mí fa imú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá rántí pé òun ò tíì gbọ́ òórùn kẹrosíìnì láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi sítóòfù dáná.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Màmá."

Ìyá Sàkàrìyáù wọlé, ó kó gbogbo ìgò Ísáàlì tó rí sábẹ́ apá, onílé ò kúkú ń tọrọ àyè. "Tóo bá fẹ́ fọlé, ọṣẹ ń bẹ jàre," ló wí, ó sì lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé omi lásán ni Olúrẹ̀mí fi ṣan abọ́ náà. Ó ṣan án, ó sá a sóòrùn, ó tún un ṣan. Ó bu iyanrìn tuntun níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lẹ́yìn ọgbà, ó gbé e sí ààyè rẹ̀. Kó tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń wa iyanrìn lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Mọ́nítọ̀ ti tọ̀, ó ń bò ó mọ́lẹ̀ wẹ́rẹwẹ̀rẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà dúró, ó ń wò ó. Ẹranko náà kò ṣorí kunkun, òórùn ló lé e.

Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọ inú ilé, imú Olúrẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó gbọ́ ògì tó kan, ó gbọ́ irun ológbò tó ń yá oòrùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, inú rẹ̀ sọ fún un pé òun lè gbọ́ òórùn Báyọ̀dé báyìí. Ó kúnlẹ̀, ó fa àpótí jáde, ó yọ àkísà kúrò létí rẹ̀, ó ṣí i.

Bùbá náà gbẹ, ó wà bó ṣe ká a sí. Ológbò kò fọwọ́ kàn án rí. Ó gbé e bo ojú, ó fa imú. Ísáàlì. Ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó yẹ apá, ó yí inú rẹ̀ síta. Ísáàlì náà ni.

Ìyá Sàkàrìyáù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí Olúrẹ̀mí gbé aṣọ náà dé iwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi gbọ́ òórùn aṣọ yìí. Bóyá imú mi ni kò tíì là dáadáa."

Ìyá àgbà náà mọ bùbá yẹn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé náà. Òun náà ti sin ọkọ rí, ó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó gba aṣọ náà, ó gbé e símú.

"Ísáàlì ni, Rẹ̀mí."

"Ẹ tún un gbọ́, Màmá. Ẹ gbọ́ abíyá ẹ̀."

Ó yí apá aṣọ náà padà, ó ki imú bọ abíyá rẹ̀, ó di ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ísáàlì ni."

Olúrẹ̀mí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú èèpo ẹ̀wà, ohùn kan sì jáde lára rẹ̀ tó mú kí àwọn ayálégbé ṣílẹ̀kùn. Ó dùn ún, ó dùn ún débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ mú. Ìyá Táyéwò tó ń gbé yàrá ọ̀kánkán sáré dé tòun ti ife omi lọ́wọ́, ó ti ń wí láti òkèèrè pé, "Ó tó, Ìyá Tòún, ó tó, dákẹ́."

Ìyá Sàkàrìyáù na apá, ó dá a dúró.

"Gbé omi ẹ padà," ló wí. "Kò tíì tó."