Jókòó-Kí-N-Wọ̀n-Ọ́ àti Ògiri Ọ́fíìsì

Orúkọ tí wọ́n sọ káfíńtà náà gan-an, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Jókòó-Kí-N-Wọ̀n-Ọ́ ni gbogbo ayé ń pè é títí tó fi fayé sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì ti gba orúkọ náà, lọ́jọ́ tó lé odindi ọ́fíìsì jáde láìgbé igi, láìpariwo.

Téèpù lásán ló mú dání. Ó wọlé, ó kí wọn káàárọ̀, ó lọ bá akápò tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ní kó jókòó dáadáa kí òun wọ̀n ọ́n. Inú akápò dùn. Ó rò pé ilé iṣẹ́ fẹ́ rán aṣọ fún àwọn. Baba wọ̀n ọ́n láti ìdí àga dé àtàrí, ó wọn èjìká kan dé èkejì, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára pákó pẹlẹbẹ kan, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ó ti wọn èèyàn bíi mélòó kan kí ẹnì kan tó ronú láti bi í pé iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe.

"Káfíńtà ni mí," ni baba wí, ó sì tún fa téèpù yọ.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Káfíńtà tó ń wọn alààyè látorí dé ìdí, tó tún ń kọ ọ́ sílẹ̀, pósí ta ló fẹ́ lọ kàn? Akápò ti fo tábìlì kọjá kí baba tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kù. Onísítọ́ọ̀, tó ti ń ráhùn orúnkún láti ọjọ́ tó ti gbaṣẹ́, ló kọ́kọ́ dé títì. Ìyá tó ń gbálẹ̀, tí wọn ò tíì wọ̀n rárá, dúró lókèèrè, ó ń bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má sọ bí òun ṣe ga tó fún baba yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sá. Akọ̀wé tuntun tó jókòó sídìí fèrèsé fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Bàbá rẹ̀ ni káfíńtà náà. Òun náà ló sì mú un wá.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Yàrá ńlá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì yẹn, tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ti máníjà náà wà láàárín wọn. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn oníbàárà máa ń fọwọ́ júwe ohun tí wọ́n bá wá. Máníjà ní òun fẹ́ fi ògiri pákó pín in, èyí tí àwọn alákọ̀wé ń pè ní pátíṣọ̀n, ó sì béèrè bóyá ẹnì kan mọ káfíńtà. Akọ̀wé yìí, tí wọ́n ṣì ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, nawọ́ sókè kí làákàyè tó bá a. Ó ti wáṣẹ́ títí bàtà rẹ̀ fi lu kó tó rí èyí, ó sì ń wá ohun tí ọ̀gá máa fi dá a mọ̀. Ọ̀gá dá a mọ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí ọ́fíìsì túká yẹn, ó pè é wọ iyàrá kékeré tí wọ́n ń kó pépà sí, ó sì tilẹ̀kùn.

"Tí ọ́fíìsì yìí ò bá dáa ju bó ṣe wà lọ nígbà tí bàbá rẹ bá parí," ó ní, "ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa lọ sílé."

Akọ̀wé ò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa: tó bá gbọ́ pé ẹnì kan halẹ̀ mọ́ ọmọ òun, á di irin iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè fi òòlù kí máníjà pé ó dàbọ̀. Ohun tó sọ kò ju pé, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọn èèyàn mọ́. Baba ní kò burú, ó ku máníjà nìkan.

Baba ò ṣàdédé máa wọn èèyàn o. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ara ẹni tó jókòó la fi ń wọn ògiri ọ́fíìsì, kì í ṣe àjà. Tí èèyàn bá jókòó, kí ògiri bo orí rẹ̀ kó lè ráyè ṣiṣẹ́. Tó bá dìde, kó rí ojú ẹnìkejì rẹ̀. Máníjà ní tòun, gbogbo ògiri gbọ́dọ̀ kan àjà, kí kálukú wà nínú àhámọ́ tirẹ̀.

"Ọ̀gá, ojú lọ̀rọ̀ wà," ni baba wí. "Tí ògiri bá bo ojú gbogbo èèyàn, ibo lẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa gbé?"

Bí ìdúnàádúrà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Máníjà wà lájà, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Baba bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún. Máníjà béèrè bóyá ògiri ló fẹ́ kàn àbí àpótí ìjókòó. Baba mí kanlẹ̀, ó ní nítorí pé ojú ọ̀gá jọ ojú èèyàn rere, òun á gbé e dé ìdodo. Máníjà sọ̀ kalẹ̀ dé orí ilẹ̀kùn. Baba gbé àpò irin iṣẹ́ rẹ̀, ó dágbére, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó tún gbé e, ó tún dágbére. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbé àpò yẹn ni àyà ọmọ rẹ̀ ń já. Nígbà tí wọ́n máa fi parí rẹ̀, wọ́n ti gbà pé kí ògiri mọ síbi àyà ẹni tó dúró, ibẹ̀ náà sì ni baba ti fàlà sí lára pákó rẹ̀ láti àárọ̀. Máníjà jáde, ó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé òun nà án lọ́jà.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Baba kì í gba ọmọ iṣẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń di pákó mú jẹ́ẹ́ mọ́ láyé. Nítorí náà, tí àwọn èèyàn bá ti ṣíwọ́, akọ̀wé á bọ́ bàtà, á di èkejì pákó mú, bàbá rẹ̀ á máa kan ìṣó, á sì máa kọrin. Orin náà ò tiẹ̀ dùn. Inú máa ń bí ọmọ rẹ̀, á máa rò ó pé báwo lèèyàn ṣe ń kọrin nígbà tí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ bọ́. Á wá rántí pé baba ò kúkú mọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí ni ọgbọ́n tuntun sọ sí baba lọ́kàn. Ó ní kí ló dé tí ògiri á fi dúró sójú kan. Ló bá so táyà kéékèèké mọ́ ìdí àwọn kan, kí wọ́n lè máa tì wọ́n lọ síbi tí iṣẹ́ bá gbé pọ̀. Ó dùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó tó, akápò ti ti ògiri onísítọ́ọ̀ títí kò fi ku àyè kankan fún un ju ti ìdí rẹ̀ lọ. Onísítọ́ọ̀ náà tì í padà. Kò pẹ́ tí kò fi sẹ́ni tó mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́.

Èèyàn ni baba ti wọ̀n, kò wọn ilẹ̀. Ilẹ̀ yàrá náà sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sápá ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà pàtàkì kan ń wọlé bọ̀, ògiri kan sì dìde lọ pàdé rẹ̀, jẹ́jẹ́, láìsí ẹni tó tì í. Oníbàárà yà fún un. Ògiri náà yà. Ọkùnrin náà ò béèrè nǹkan kan mọ́, ó yíjú padà, ògiri sì tẹ̀ lé e dé orí àtẹ̀gùn. Nígbà tí máníjà bi baba pé kí lèyí, ara baba balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Ó ń sin àlejò sọ́nà ni," ó ní.

Máníjà ò rẹ́rìn-ín. Ó wo akọ̀wé, ó ní kó rántí ohun tí òun bá a sọ. Akọ̀wé ti múra pé bàbá òun á jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ baba kúnlẹ̀, ó tú gbogbo táyà náà láìsọ̀rọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó rí i rí kó tú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àga sáàárín yàrá, ó jókòó, ó dijú. Wọ́n rò pé oorun ló ń sùn. Baba ń gbọ́ ọ́fíìsì ni. Ó wá ariwo náà dé orísun rẹ̀, orísun náà sì ni máníjà. Tí ọkùnrin yẹn bá gbé fóònù, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ bí òrùlé rẹ̀ ṣe ń jò àti ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ sí ìyá rẹ̀. Àwọn tó kù kàn ń gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn ni. Ó dáa, ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún un? Baba dìde, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú máníjà gbalaja.

"Ọ̀gá, ọkàn mi ò balẹ̀," ó ní. "Ògiri àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ láyà, kò yẹ kí tiyín bá tiwọn dọ́gba. Tiyín gbọ́dọ̀ kan àjà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é ní ìlọ́po méjì, kí n ki fóòmù sí i nínú, kẹ́nikẹ́ni má baà gbọ́ àṣírí ilé iṣẹ́."

Máníjà ní láti ìgbà tí baba ti dé, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àkọ́kọ́ tó máa sọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí máníjà wọ yàrá rẹ̀ tó sì tilẹ̀kùn, ọ́fíìsì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń wo ara wọn láti òkè ògiri. Onísítọ́ọ̀ rọra sọ̀rọ̀, akápò gbọ́ ọ, ó sì yà á lẹ́nu pé ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, máníjà ṣílẹ̀kùn, ó yọrí, ó tẹ́tí, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé o ti rí i báyìí?" ó sọ fún akọ̀wé. "Mo ti ń wí i pé àwọn ni wọ́n ń pariwo. Bàbá rẹ mọṣẹ́. Máa bá iṣẹ́ tìrẹ lọ, a ti gbà ọ́."

Ìyá tó ń gbálẹ̀ sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ rẹ́rìn-ín.

Bí baba ṣe ń dàgbà ni ìtàn náà ń dàgbà lẹ́nu rẹ̀. Ògiri tó lé oníbàárà dé àtẹ̀gùn wá lé e dé ilé, ó sì kí ìyàwó rẹ̀ kó tó padà. Ti àwọn tó sá fún téèpù, ó ní ẹ̀rù iyì òun ló bà wọ́n. Ẹni tó bá já a nírọ́, baba á ní kó jókòó kí òun wọ̀n ọ́n.

Lóṣù tó lò kẹ́yìn láyé, ọmọ rẹ̀, tó ti di ọ̀gá ọ́fíìsì nígbà náà, jókòó tì í lórí ibùsùn. Wọ́n tún sọ ìtàn náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ wá ní ohun kan wà tí òun ò sọ fún un rí. Ó sọ ohun tí máníjà sọ nínú iyàrá pépà.

"Mo mọ̀," ni baba wí.

Ó ní òun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, òun fẹ́ wọn máníjà ni. Ẹsẹ̀ òun gbọ̀n títí òun fi wá nǹkan dì mú. Gbogbo orin tí òun ń kọ yẹn, kí ọmọ òun má baà gbọ́ bí eyín òun ṣe ń kan ara wọn ni.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi, bàbá mi?"

"Tí mo bá sọ, ìwọ náà á máa gbọ̀n," ni baba wí. "Ta ló wá fẹ́ di èkejì pákó mú?"

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún lójú rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ baba mú, ọwọ́ líle tó ti fúyẹ́ yẹn, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí baba fi sùn lọ.