Bí Mo Ṣe Fi Ìsinmi Pa Ìyá Mi Lára

Ìyá mi fẹ́ràn ìjà bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn obì. Ní Ìrókò tí wọ́n ń gbé, wọ́n á bá èyí jà lórí ewúrẹ́, wọ́n á bá tọ̀hún jà lórí ààlà oko, wọ́n á sì bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí bàbá mi kú, mo lọ kó wọn wá sílé mi l'Ádégbayì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí nígbà yẹn, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo ra àga tìmùtìmù kan sí pálọ̀, mo wá ṣòfin: Màmá ò gbọdọ̀ gbálẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fọ abọ́, wọn ò tiẹ̀ gbọdọ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sùn lé.

Àwọn aládùúgbò yìn mí títí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà làwọn ọmọ tèmi á ṣe tọ́jú mi. Orí mi wú, kí n má purọ́.

Mi ò kíyè sí i pé Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Bí a bá gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á tì í sẹ́yìn. Wọ́n á jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa wo ògiri. Mo ní ọ̀fọ̀ ni, yóò tán. Ọdún kan kọjá, kò tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n dìde kí wọ́n lọ bu omi mu, ẹsẹ̀ wọn kọ́ etí ẹní, wọ́n ṣubú. Irú ìṣubú tí ọmọdé máa ṣubú, tá á tún dìde sáré lọ ni. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn kán. Wọ́n dì í fún wọn lọ́sípítù, nígbà tó yá, wọ́n tú u, ó ti jinná, ṣùgbọ́n Màmá kọ̀, wọn ò dìde. "Ẹ fi mí sílẹ̀" nìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti rí àgbàlagbà méjì ládùúgbò tí wọ́n kọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ò dìde mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Dókítà tó ń tọ́jú wọn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, bi mí pé, "Iṣẹ́ wo ni Màmá ń ṣe nílé?"

Mo na ọrùn. "Wọn ò ṣe nǹkan kan mà. Mi ò gbà kí wọ́n ṣe é."

Ó ní egungun tí kò bá ṣiṣẹ́ á máa joro, ìbànújẹ́ sì ń dá kún un: ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kì í jẹun, kì í rìn, kì í rí oòrùn, bí egungun bá tún wá ń dun onítọ̀hún, inú rẹ̀ á tún bàjẹ́ sí i. Ó ní, "Ẹ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n á ti rí nǹkan ṣe." Ojú tì mí. Inú tún bí mi sí dókítà, sí àwọn aládùúgbò, sí àga yẹn gan-an.

Ní Sátidé, mo gbé wọn lọ sí Ìrókò. Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n máa ń gbin ẹ̀pà sí.

"Ta ló sọ ibí digbó?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"O ò mọ̀ kẹ̀? Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

Èébú àkọ́kọ́ láti ohun tó lé lọ́dún kan! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Wọ́n ní kí n wá ọ̀pá fún àwọn. Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n dìde, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì fa koríko kan tu.

Wọ́n ní àwọn ò bá mi padà. Mo fi wọ́n sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo gbé ìyá wa jù sóko, àwọn tó ń yìn mí náà sì yí ohùn padà. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbé ẹja àti mílíìkì lọ fún wọn.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo dé lójijì, mo bá ilẹ̀kùn ní títì, kò sẹ́ni tí mo lè bi ní agboolé. Mo rò pé nǹkan ti ṣe Màmá. Mo jókòó sórí pèpéle, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó pẹ́ díẹ̀, Màmá yọ lọ́nà oko, igbá ata lórí, àbúrò wọn ń tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n dúró, wọ́n wò mí.

"O ò ránṣẹ́ pé ò ń bọ̀. Mi ò ráàyè lónìí o," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjá lára mi wọlé.