Wọ́n Ní Kí N Yọ Ẹ̀rín Rẹ̀ Kúrò

Ọ̀fà ni mò ń gbé, Ìjagbó ni mo ti ń ṣe tíṣà. Fún ọdún mẹ́rin, ẹ̀yìn ọ̀kadà obìnrin kan ni mo fi ń dé ibi iṣẹ́. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ọkọ rẹ̀ ló ni ọ̀kadà náà kó tó kú. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ ní kó tà á, ó ní òun ò tà. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, ó dé àṣíborí lé ìbòrí rẹ̀, ó bọ́ sí títì. Ìyá Ọlọ́kadà ni gbogbo wa ń pè é.

Àwọn ọkùnrin ọlọ́kadà ní páàkì ò fẹ́ ẹ rárá. Lójú mi ni alága wọn ṣe sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ lọ wá nǹkan tà. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti obìnrin."

Ìyá Ọlọ́kadà ò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. "Alága, ta ló gbé ìyàwó yín lọ sí ọsibítù níjọ́sí tí òjò ń rọ̀, tí gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin sá sábẹ́ òrùlé?"

Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Mà, ó yẹ kí ayé rí yín."

Mi ò kọ́ṣẹ́ fíìmù níbì kankan. Fóònù mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àbúrò mi tó ń ya fọ́tò yá mi ní kámẹ́rà. Mo ya á níbi tó ti ń fọ púlọ́ọ̀gì ọ̀kadà rẹ̀, níbi tó ti ń bá èrò jiyàn lórí ẹrù iṣu tí wọ́n rà ní Òjòkú, níbi tó ti ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà ni ẹ̀rín. Obìnrin yìí máa ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kadà á máa mì lábẹ́ wa.

Mo fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí àjọ̀dún fíìmù ńlá kan lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn dọkumẹ́ńtárì, ìyẹn fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi tí kì í ṣe eré. Wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ti pọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn òǹwòran lè má mọ̀ pé ó ń jìyà. Kí n yọ díẹ̀ kúrò, kí n sì wá ẹni tí yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ìṣẹ́ tó ń ṣẹ́ ẹ.

Mo ka lẹ́tà náà fún un.

"Ṣé wọ́n fẹ́ kí n máa sunkún ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Nígbà tí ọkọ mi kú, mo sunkún tó. Wọn ò sí níbẹ̀. Tíṣà, bí o bá yọ ẹ̀rín mi, yáa yọ èmi náà kúrò."

Mo kọ̀wé sí wọn pé bó ṣe wà ni kí wọ́n gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n dá a padà. Mo fi kún un pé àwa náà lójú tí a fi ń wòran. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ní orí mi ti dàrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n kọ̀wé pé àwọn gbà, kí n máa bọ̀.

Mo lọ. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣàfihàn rẹ̀ kún. Wọ́n wò ó tán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan wá dìde, ó béèrè ẹgbẹ́ aláàánú tó fún Ìyá Ọlọ́kadà ní ọ̀kadà.

Mo ní, "Kò sí."

Òmíràn ní irú ìrànlọ́wọ́ wo ló ń fẹ́. Mo ní ẹnu tirẹ̀ ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Mo fi fóònù pè é, wọ́n gbé ojú rẹ̀ sára ògiri ńlá. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa nílé, èrò kan ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún un.

"Ìrànlọ́wọ́ kẹ̀? Ṣé wọ́n ń lọ sí Ìjagbó ni?"

"Rárá, mà."

"Kí wọ́n jẹ́ kí n gbé èrò mi lọ nígbà náà." Ó pa fóònù.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, mi ò fi oyin sí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹni tó béèrè rọra jókòó. A ò gba ẹ̀bùn kankan. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò kábàámọ̀.

Nígbà tí mo dé, a fi aṣọ bo fèrèsé kíláàsì kan ní Ìjagbó, a fi fíìmù náà han ará ìlú. Bó ṣe parí, obìnrin méjì nawọ́ sókè pé àwọn fẹ́ kọ́ ọ̀kadà.

Alága páàkì fò dìde. "Ṣé gbogbo obìnrin ló máa di ọlọ́kadà ni?"

Ìyá Ọlọ́kadà ò wo apá ibi tó wà. Ó kọjú sí àwọn obìnrin náà, ó ní, "Aago mẹ́rin ọ̀la, ní pápá ilé-ìwé. Ẹ wọ ṣòkòtò wá."

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, àwa mẹ́ta, àwọn obìnrin méjì náà àti èmi, la wá kọ́ ọ̀kadà ní pápá. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣubú.